Ibi tí would ń jókòó sí
Lálẹ́ àná ní Yábàá, àbúrò mi tó ń múra ìdánwò WAEC gbé ìwé rẹ̀ wá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó." Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: If I would have known, I would have come.

Mo ní kó yọ would kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ if. Ohun tó ti kọjá tí kò sì ṣẹlẹ̀, If I had known là ń kọ. Would have come á wá dúró ní apá kejì. Èyí tó ṣì lè ṣẹlẹ̀ rọrùn: If it rains, I will stay.

If I were you ló gbà wá lásìkò. Kò yé e rárá ìdí tí were fi ń tẹ̀lé I. Mo ní àfinúrò lásán ni. Kì í ṣe àná là ń sọ, ọ̀rọ̀-ìṣe náà kàn wọ aṣọ àná ni. (Àwọn olùkọ́ kì í ráyè dúró pẹ́ níbẹ̀, ó sì ń dùn mí.)

Màmá wa ṣì wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí Third Mainland. Ọmọ náà gbé bírò, ó kọ: If there were no traffic, Mummy would be home now.

Ó tọ̀nà pátápátá! Inú mi dùn, mo ní kó kọ òmíràn sí i.