Káàdì tuntun, aṣọ 1976

Sátidé, alẹ́ ti lẹ́.

Mi ò tíì sùn látàná o. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ṣe, mo sì ti bá ara mi sọ ọ́ pé tí mo bá ti délé báyìí bẹ́ẹ̀dì ló kàn, àfi bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn tí mo bá Tòmíwá lórí àga, ó ti wọ bàtà, ó ti dé fìlà Orioles, tíìmù besibọ́ọ̀lù Baltimore, ó ní "Dádì, ẹ ṣèlérí o." Ọmọ ọdún mọ́kànlá, kì í gbàgbé nǹkan kan láyé yìí àfi hómúwọ́ọ̀kì. La bá tún kó sọ́kọ̀, ó di ṣọ́ọ̀bù bàbá oníkáàdì.

Káàdì Topps Heritage ti 2025 ló ń lé kiri. Ẹni tí ò bá mọ̀, Topps ni wọ́n ti ń ṣe káàdì àwọn tó ń gbá besibọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà ńbí tipẹ́tipẹ́, fótò ẹni náà níwájú, gbogbo bó ṣe gbá a sí lẹ́yìn. Ti Heritage wá yàtọ̀, àwọn tó ń gbá a lónìí ni wọ́n máa gbé síbẹ̀ àmọ́ aṣọ àtijọ́ ni wọ́n máa wọ̀ fún káàdì yẹn. Lọ́dún 2001 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ti 1952 ni wọ́n wò ṣe, lọ́dún kejì ti 1953, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọdún 49 ló máa ń wà láàárín wọn, ìyẹn ni pé 1976 ló kan ti 2025. Kì í tiẹ̀ dán bíi káàdì ìgbàlódé, tó o bá yí i padà, ẹ̀yìn ẹ̀ á rí bí inú páálí kọnfulékì. Ìyàwó mi ní ṣé nítorí páálí kọnfulékì la ṣe ń jó epo. Mi ò dá a lóhùn.

Bàbá oníṣọ́ọ̀bù, òyìnbó arúgbó kan tó jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ tó o máa bá a sọ tí kò ní padà já sọ́dọ̀ Brooks Robinson, ògbólógbòó Orioles àtijọ́, ló yọ ti 1976 gangan jáde nínú ọ̀rá fún wa kí ọmọ lè rí ohun tí wọ́n ń fara wé. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀ àmọ́ ẹ wo bó ṣe mú un, etí ẹ̀ nìkan ló fi ìka méjì dì mú bí ẹni mú ẹyin adìyẹ. Nísàlẹ̀ káàdì, ìlà aláwọ̀ méjì tí wọ́n kọ orúkọ ẹni náà àti orúkọ tíìmù ẹ̀ sí, ní igun apá òsì wọ́n ya ọmọlangidi kékeré kan síbẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ tẹ́ni náà ń ṣe lórí pápá, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù á máa jù ú, ẹni tó ń hán an á lóṣòó. Tòmíwá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan gíláàsì. Ó ní ṣé wọ́n máa ya ọmọlangidi yẹn fún Gunnar Henderson tó ń gbá fún Orioles náà, bàbá ní kí ló dé tí wọn ò ní yà á.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti agbábọ́ọ̀lù kan, Kurt Bevacqua. Kò gbá bọ́ọ̀lù kankan lórí káàdì yẹn o, ṣìngọ́ọ̀mù ló ń fẹ́, ó fẹ́ ẹ títí ó fi tóbi bíi bàlúù, wọ́n wá gbé irin kan sí i wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Àwọn agbábọ́ọ̀lù díje láàárín ara wọn lọ́dún 1975 ta ló lè fẹ́ ẹ jù, òun ló gbégbá orókè. Gọ́ọ̀mù sáà ló bí káàdì yìí níjọ́sí, inú pákẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n ń kó wọn sí.

Lẹ́yìn náà ni bàbá oníṣọ́ọ̀bù mú káàdì Oscar Gamble jáde.

Ẹ̀yin èèyàn mi. Irun! Afro tó fẹ̀ débi pé fìlà Yankees, tíìmù New York, kàn jókòó sórí ẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò tó kéré ju ìkòkò lọ, irun wá tú jáde lọ́tùn-ún lósì. Fìlà yẹn gan-an kì í ṣe òótọ́, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún sórí fótò, torí tíìmù Cleveland ló wà kí Yankees tó gbà á, wọn ò ráyè ya òmíràn. Ìgbà tó wá dé Yankees tán, Steinbrenner tó ni tíìmù ní dandan kó lọ gé e. Bàbá oníṣọ́ọ̀bù ń rẹ́rìn-ín, Tòmíwá ń rẹ́rìn-ín, èmi kàn dúró ni mò ń wò ó.

Torí mo mọ irun yẹn. Ó wà ní pálọ̀ wa n'Íbàdàn. Bàbá mi, ṣòkòtò ẹlẹ́nu gbàgàdà tó ń gbálẹ̀, bàtà onígìgísẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan ti àga fótò, irun wọn kún inú fírémù. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó dé Amẹ́ríkà, nígbà táwọn àgbà tó ń kó káàdì jọ bá ní tí àwọn bá ti rí ti 1976 àwọn á padà di ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo kàn máa ń mi orí ni, kí ló kàn mí níbẹ̀. Lónìí ó kàn mí.

Mo ya fótò ẹ̀ mo fi ránṣẹ́ sí Màámi lórí WhatsApp, mi ò kọ nǹkan kan sí i. Kò pẹ́ ni fọ́ìsì nóòtì wọlé: "Ta ló bí eléyìí?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n wá ní ṣé mo mọ̀ pé bàbá àwọn ló ní òun ò lè fọmọ òun fún ẹni tó ru igbó sórí, kó tó di ọjọ́ ìdána, bàbá mi ti lọ fá a kodoro. Mi ò gbọ́ ọ rí! Gbogbo ọdún tí mo fi gbé nínú ilé yẹn. Fótò pálọ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù tí irun wà ńbẹ̀, Màámi ní ikán sì ti jẹ igun ẹ̀ kan. Mo ti ní kí àbúrò mi obìnrin bá mi gbé e lọ síkáànì.

Igun sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ nídìí káàdì yìí. Lọ́dún tó kọjá, èmi fúnra mi ni mo fi rọ́bà so ti Tòmíwá pọ̀ kí wọ́n má baà fọ́n ká, ìgbà tó máa tú u, rọ́bà ti bu etí tòkè tìsàlẹ̀ jẹ. Ọjọ́ méjì ni ò fi bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, káàdì Mickey Mantle, ìlúmọ̀ọ́ká Yankees, ti 1952 kan tí igun ẹ̀ ṣì mú ṣáṣá, mílíọ̀nù 12.6 dọ́là ni wọ́n tà á lọ́dún 2022, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ti 1952 yẹn ò tà mọ́, ńṣe ni Sy Berger, òṣìṣẹ́ Topps tó ṣe é, kó èyí tó ṣẹ́ kù sọ́kọ̀ ojú omi ó lọ dà á sí òkun Atlantic.

Ti Heritage, 100 tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà ló máa ń ṣọ̀wọ́n lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, ibẹ̀ lowó ń bá lọ, ìwọ á máa já pákẹ́ẹ̀tì títí. Bàbá oníṣọ́ọ̀bù ní tí mo bá fẹ́ páálí kan kí n tètè kọ orúkọ sílẹ̀. Owó ẹ̀ ju àpò ìrẹsì lọ. Mo wo ọmọ, mo wo Oscar Gamble, mo kọ orúkọ.

Ìyá Tòmíwá, tó o bá kà á débí, páálí kan ṣoṣo ni o.