Kéèsì tuntun, ẹrù àtijọ́

Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹrù kọ̀ǹpútà tokunbo bọ́ sínú kéèsì tuntun, ìyẹn àpótí irin tó ń gba gbogbo ẹ̀ sínú, ohun tí gbogbo èèyàn á kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé mọ́dábọ́ọ̀dù ẹ̀, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, á wọ ibẹ̀. Ìbéèrè yẹn dáa o, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Èyí tó yẹ kéèyàn bi ara ẹ̀ ni pé iṣẹ́ wo gan-an ni kéèsì àtijọ́ yẹn ń bá mọ́dábọ́ọ̀dù ṣe? Torí àwọn kọ̀ǹpútà ófíìsì tí ilé-iṣẹ́ bá ti tò tán kí wọ́n tó tà á, kéèsì wọn kì í ṣe páálí lásán, ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe, tẹ́ ẹ bá sì kó ẹrù kúrò nínú ẹ̀ láìmọ iṣẹ́ yẹn, kọ̀ǹpútà lè má tàn mọ́ rárá, tó bá sì tàn, á máa ráhùn sí yín létí ní gbogbo àárọ̀.

Tèmi, Dell OptiPlex 9020 ni, èyí tó ga yẹn, mini tower. Ọdún 2013 ni irú ẹ̀ jáde, ẹ wọ Banex tàbí Emab ní Wuse 2, ẹ ò ní wá a tì. Processor i5-4590, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló wà nínú ẹ̀, 84 wáàtì ni Intel kọ sí i, ó ṣì lágbára dáadáa jàre. Fídíò ìkómọ àti ìgbéyàwó ni mò ń gé ní ilé mi ní Kubwa, mo wá ra GTX 1060, káàdì tó ń bójú tó àwòrán, káàdì yẹn ń fẹ́ 120 wáàtì àti wáyà pin 6 (tí ẹnu ẹ̀ ní ojú mẹ́fà) tirẹ̀ lọ́tọ̀, power supply tó bá kọ̀ǹpútà wá, àpótí tó ń pín iná fún un, sì jẹ́ 290 wáàtì tí kò ní irú wáyà bẹ́ẹ̀ lára. Ẹ wá fi ooru oṣù kẹta ìlú Àbújá kún un, nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ tó jẹ́ pé inverter ló gbé kọ̀ǹpútà dúró tí ẹ́ẹ́sì ò sì lè ṣiṣẹ́, inú kéèsì kékeré yẹn á gbóná débi pé fáànù á máa hu bí ọkàdà. Ìgbà yẹn ni mo ní ó tó gẹ́.

Ibi iná ni wàhálà ti pọ̀ jù. Láti 2003 ni wáyà ńlá tó ń ti power supply wọ mọ́dábọ́ọ̀dù ti di pin 24 nínú kọ̀ǹpútà téèyàn ń tò fúnra ẹ̀, á gbé 12 volt, 5 volt àti 3.3 volt wá pọ̀. Ti 9020 yìí, pin 8 péré ni, 12 volt nìkan ló sì ń gbà, mọ́dábọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ló ń sọ ọ́ di 5 àti 3.3, kódà ara mọ́dábọ́ọ̀dù ni hard disk ti ń gba iná tirẹ̀. Àwọn kan máa ń pariwo pé torí kéèyàn má bàa ra ti ẹlòmíì ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀ ṣáá, torí Intel náà gbé irú ètò yẹn jáde ní 2019, wọ́n pè é ní ATX12VO, 12 volt nìkan lòun náà ń lò, ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí iná má máa ṣòfò nígbà tí kọ̀ǹpútà bá kàn jókòó láìṣe nǹkan kan.

Wáyà tó ń so 24 pọ̀ mọ́ 8 wà lọ́jà, kò ṣòro rí. Àmọ́ ẹ là á wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Power supply ọjà, 5 volt ló ń tú jáde nígbà tí kọ̀ǹpútà bá wà ní pípa, òun ni bọ́tìnì fi ń mọ̀ pé ẹ tẹ òun, mọ́dábọ́ọ̀dù yìí sì ń retí nǹkan bíi 12. Nítorí náà wáyà tó dáa á ní pátákó kékeré kan láàárín, tí wọ́n fi rọ́bà dúdú wé, òun ló ń gbé 5 yẹn gòkè. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí, wáyà lásán ló nà gbọnrangandan, ọmọ Hausa tó ń tà á ní “ba matsala, oga”, pé kò sí wàhálà, mo ní rárá o mallam, mú òmíràn wá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú èyí tó ní pátákó jáde láti abẹ́ tábìlì. Ṣé ẹ rí i, ó mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Irin tó ń tu processor lára kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Sìkúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ gba inú mọ́dábọ́ọ̀dù kọjá lọ há sára kéèsì àtijọ́ gan-an, nínú kéèsì tuntun kò sí ohun tí wọ́n máa há sí. Ẹ ra òmíràn tó ní irin ẹ̀yìn tirẹ̀, LGA ni wọ́n ń pe ojú tí processor ń jókòó sí, èyí tí wọ́n bá ṣe fún LGA1155 tàbí 1151 á wọ 1150 yìí, ihò wọn ò yàtọ̀. Pin 5 ni ẹnu fáànù ẹ̀, fáànù ọjà sì jẹ́ 4, ẹ ra wáyà kékeré tó ń so ó pọ̀, kò wọ́n.

Ẹ̀yìn kéèsì ńkọ́? Mọ́dábọ́ọ̀dù téèyàn rà ní tuntun máa ń bá páànù pẹlẹbẹ kan wá tó ń bo ibi tí ihò USB àti ti íntánẹ́ẹ̀tì wà. 9020 ò ní, ara kéèsì gan-an ni wọ́n ti gé àwọn ihò yẹn sí. Ẹlòmíì á fi í sílẹ̀ gbayawu, ìyẹn ò lè ṣeé ṣe níbí nígbà ọyẹ́, eruku ọyẹ́ yìí, ibi tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti dí gan-an ló máa gbà wọlé.

Ni mo bá gbé kéèsì àtijọ́ sínú kéké, ó di Apo Mechanic Village, lọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀bítà kan tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kí i, mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gé ojú ibi tí àwọn ihò yìí wà kúrò, kí n lè fi dí ẹ̀yìn kéèsì tuntun. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, “Àbúrò, èyí kì í ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì o, irin ẹ̀ ti fẹ́lẹ́ jù.” Mo fún un ní ìwé tí mo kọ ọ́ sí, torí ihò ẹ̀yìn gbogbo kéèsì ATX, irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, ìwọ̀n kan náà ni, 158.75 mm ní gígùn, 44.45 mm ní gíga. “Point seven five kẹ̀? Ta ló ń wọn ìyẹn?” Gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ wo ọwọ́ ọ̀gá o: ó fi ìṣó fa ìlà, ó wá lọ gé e ní ìta ìlà yẹn, kò fi ẹ̀rọ gé e dé orí ẹ̀ rárá, ó wá gbé fáìlì, ó ń rin ín díẹ̀díẹ̀, á fi àtàńpàkò pa etí ẹ̀ wò, á tún rin ín. Mo ní kí ló dé tẹ́ ò kúkú gé e dé ojú ìlà. Ó ní, “Èyí tó bá pọ̀ jù, a ṣì lè gé e. Èyí tó bá kéré, ìwọ lo máa fà á gùn?” Ó fi rífẹ́ẹ̀tì kan kan etí ọ̀tún àti òsì. Ó há síbẹ̀ dọ́ba.

Bọ́tìnì iwájú ló kù. Tí mọ́dábọ́ọ̀dù yìí ò bá rí pánẹ́ẹ̀lì USB iwájú tirẹ̀, á kọ ọ́ sójú skríìnì pé wáyà iwájú ti yọ, kẹ́ ẹ tẹ F1 kó tó lè máa lọ, ojoojúmọ́ ayé sì ni. Ọ̀nà àbáyọ tèmi ò lẹ́wà: mo yọ pánẹ́ẹ̀lì àtijọ́ náà odidi, mo so ó mọ́ inú kéèsì tuntun níbi tójú ò tó, mo já wáyà bọ́tìnì ẹ̀, mo so ó mọ́ ti bọ́tìnì tuntun. Ó ti panu mọ́.

Kẹ́ ẹ tó gbé mọ́dábọ́ọ̀dù sílẹ̀, ẹ wo àwọn ìdúró irin tó wà lára kéèsì tuntun, èyí tí kò bá ní ihò lókè ẹ̀, ẹ tú u kúrò, torí tó bá fi lè kan ẹ̀yìn mọ́dábọ́ọ̀dù, iná á gba ibẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe é nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, ara wa ń ta iná lórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ máa fọwọ́ kan irin kéèsì lemọ́lemọ́. Fáànù, mo fi méjì síwájú lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan péré sẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ, eruku á há sí nẹ́ẹ̀tì tí mo lè fọ̀. Àwọn kéèsì onígíláàsì oníná aláràbarà tí wọ́n ń tò sójú ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí iwájú wọn dí pátá, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé ibi òtútù.

Ṣé ó tó owó téèyàn ń ná sí i? Microsoft ti ṣíwọ́ ìtọ́jú Windows 10 ní 14 October 2025, processor yìí ò sì sí lára àwọn tí Windows 11 gbà, Linux Mint ni mò ń lò dípò Windows báyìí, Kdenlive ni mo fi ń gé fídíò. Lójú tèmi ó tó, torí kéèsì, power supply àti káàdì, bí mo bá ra mọ́dábọ́ọ̀dù mìíràn lọ́la, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa wà, wáyà alásopọ̀ nìkan ni mo máa sọ nù.

Àmọ́ èyí tó ga nìkan ni mò ń sọ o. Bọ̀ọ̀dá tó ń gbé òkè wa ti gbé tiwọn wá, SFF, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn, mo tú u, mo rí i pé ìrísí mọ́dábọ́ọ̀dù ẹ̀ gan-an ò bá ihò kéèsì kankan mu. Mo ní bọ̀ọ̀dá, ẹ máa gbé e padà. Wọ́n ní ṣé pánẹ́ẹ̀bítà Apo yẹn ò lè gé e ni.