Ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò ti di ti oní-POS

Mo kọjá ní Mọ́kọlá n'Íbàdàn láàárọ̀ yìí, ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò tó wà létí títì ti di ti oní-POS. Ó dùn mí gan-an. Fóònù ló gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni fọ́tò dúdú-àti-funfun fífọ̀. Àwòrán 24 tàbí 36 ló sábà máa ń wà nínú fíìmù 35mm kan. Inú òkùnkùn biribiri ni wọ́n ti ń tú u. Bébà tí wọ́n ń tẹ fọ́tò sí nìkan ni iná pupa wà fún. Oògùn àkọ́kọ́ ló ń mú àwòrán jáde, ìwọ̀n 20 lórí sẹ́ńtígíréèdì ló sì dára fún un. Nínú ooru tiwa yìí, àfi kí wọ́n gbé ike oògùn sínú omi yìnyín, torí tó bá gbóná, fíìmù á dúdú jù, ojú èèyàn á wá funfun báláú lórí bébà, torí ohun tó bá dúdú lára fíìmù ló ń funfun lórí bébà. Lẹ́yìn náà ni háípò, oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí àwòrán parẹ́. Ẹni tó bá kánjú, tí kò fi omi ṣan háípò kúrò dáadáa, fọ́tò rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè tó bá yá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da negatífù àtijọ́, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti fọ̀, nù. Inú àpòòwé bébà ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe ọ̀rá. Ọ̀rá máa ń làágùn.