Ife mẹ́rin, ọmọ kan

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ní bọ́ọ̀lù. Ife mẹ́rin la gbà. Ọmọ kan ṣoṣo ló wọ ẹgbẹ́ àgbà tó sì rí ẹsẹ̀ dúró níbẹ̀. Lásìkò tí a ń gbé ife wọ̀nyẹn sókè, mi ò ka ọmọ. Ìgbà tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà ni mo tó jókòó, tí mo ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú sì tì mí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣì ni pé mo fẹ́ràn ọmọ tó bá ti sígbọnlẹ̀. Ẹ mú ọmọ ọdún 14 tí irùngbọ̀n ti ń hù, tó ga, tó lè sáré: á kàn máa ti àwọn yòókù ṣubú ni. Bọ́ọ̀lù á máa wọ àwọ̀n, àwọn òbí á máa pàtẹ́wọ́, àwọn ọ̀gá á sì máa bọ̀ mí lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan ni mo yẹ ìwé orúkọ wa wò. Nínú ọmọ 18, àwọn 11 ló jẹ́ pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú ọdún ni wọ́n bí wọn. Ṣé àwọn tí wọ́n bí ní oṣù kejìlá ò mọ bọ́ọ̀lù gbá ni? Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní la fi ń pín wọn, torí náà ẹni tó fi bí oṣù mọ́kànlá ju ẹnì kejì lọ, ẹgbẹ́ kan náà la kó wọn sí. Fún ọmọ ọdún 13, oṣù mọ́kànlá kì í ṣe eré rárá. Ó ti tó ogójì ọdún tí àwọn olùwádìí ti ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti kà á kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo sì tún ṣe é náà.

Mo lé ọmọ kan lọ nígbà yẹn. Ó kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á ti bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mọ̀ pé bíbojú wẹ̀yìn yẹn gan-an ni bọ́ọ̀lù àgbà. Mo sọ fún bàbá rẹ̀ pé kò lágbára. Bàbá náà ò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Kóòṣì," ó gbé báàgì ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká, wọ́n sì lọ. Antoine Griezmann náà, àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Faransé ló sọ pé ó kéré jù. Real Sociedad ní Spéìn ló gbà á, ó sì wà nínú ikọ̀ Faransé tó gba ife àgbáyé ní 2018. Mi ò ní ọmọ yẹn ì bá di Griezmann o. Èmi ni mi ò jẹ́ ká mọ ohun tí ì bá dà.

Àwọn tó sígbọnlẹ̀ wá ńkọ́? Mo rántí ìgbà àkọ́kọ́ tí atamátàsé wa bá àwọn àgbà gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó kẹ̀yìn sí ojúulé, ó fẹ́ yí padà kó sáré bó ṣe máa ń ṣe. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, kò sì yára mọ́. Kò sáré rárá. Ó kàn gbé ọwọ́ lé ọmọ náà níbàdí, ó dúró, ó wá fi orí ìka ẹsẹ̀ yọ bọ́ọ̀lù kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ọmọ náà ò bèèrè bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹ̀yìn ọkùnrin yẹn ló ń sá pamọ́ sí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Àkísà yẹn, inú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú àgbà nìkan ni wọ́n ti ń rí i, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà. Kóòṣì ẹgbẹ́ àgbà kì í ṣe ìkà. Bí wọ́n bá nà án lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ó lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ta ló máa fi ọmọ ọdún 18 dán irú ìyẹn wò? Àwọn èèyàn á máa dárúkọ Manchester United fún mi: Beckham, Scholes, Butt àti àwọn Neville, àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ẹgbẹ́ náà kí wọ́n tó wọ ẹgbẹ́ àgbà. Òótọ́ ni. Ní August 1995, Aston Villa nà wọ́n 3-1, àwọn èèyàn fi wọ́n ṣẹlẹ́yà lórí tẹlifíṣọ̀n, síbẹ̀ United ló gba líìgì àti FA Cup lọ́dún bọ́ọ̀lù yẹn. Àmọ́ Schmeichel, Bruce, Irwin, Keane àti Cantona wà nínú ikọ̀ kan náà. Àgbà yí àwọn ọmọ yẹn ká.

Nítorí náà, bí òbí bá bi mí pé ìgbà wo ni ọmọ òun máa wọ ẹgbẹ́ àgbà, èmi náà á bi í pé níbo ni ọmọ náà ti máa bá àgbà gbá bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Tottenham yá Harry Kane fún Leyton Orient, Millwall, Norwich àti Leicester. Ní Leicester, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì dáadáa. Òun ló wá gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù lọ nínú ìtàn Tottenham. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn yá ọmọ fúnni kí ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. A yá ọmọ kan tó ń gbá àárín pápá fún ẹgbẹ́ kan rí, wọ́n sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni kò sẹ́ni tó pè é nínú wa, títí kan èmi. Nígbà tó fi máa padà dé, kò dá ara rẹ̀ lójú mọ́, a sì ń sọ pé ọmọ náà ti bàjẹ́.

Ọmọ kan tó dúró yẹn, oṣù kọkànlá ni wọ́n bí i. Orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí mo fẹ́ lé lọ lọ́dún tí mo lé ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín yẹn. Igbákejì mi ló bẹ̀ mí pé kí n fún un ní oṣù mẹ́fà sí i. Ọjọ́ náà ti pẹ́, ebi ń pa mí, mo sì ní kó ṣe bó ṣe fẹ́.