Àkùrọ̀ Inú Bàsíà

Kọ́ńkéré ni gbogbo ẹ̀yìn ilé tí mo ń gbé ní Ìbàdàn. Kò sí ibi tí ènìyàn lè gbẹ́, áḿbọ̀sìbọ́sí kí ó rí ilẹ̀ tí omi ń sun. Ṣùgbọ́n etí àkùrọ̀ ìyá mi ni mo dàgbà sí, ó sì máa ń wù mí láti rí ewé tútù yọ̀yọ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá ti sọ gbogbo nǹkan yòókù di gbígbẹ. Ìdí nìyí tí mo fi mú bàsíà ike kan tí a fi ń fọṣọ tẹ́lẹ̀, tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 60 tí ó sì jìn tó 35, tí mo ní n ó dá àkùrọ̀ sínú rẹ̀.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe bàjẹ́. Mo da ilẹ̀ sí i, mo bu omi kún un dé ẹnu, mo sì gbin kókò. Kò pẹ́ tí tanwíji fi kún ojú omi náà, nígbà tí mo sì fi igi ro ìsàlẹ̀ rẹ̀, òórùn bí ẹyin tó bàjẹ́ ni ó gbá mi nímú, nítorí omi ti lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú ilẹ̀ pátápátá. Adágún ni mo ṣe, kì í ṣe àkùrọ̀. Nínú àkùrọ̀, omi a máa kún inú ilẹ̀ ṣùgbọ́n kì í dúró sórí rẹ̀.

Ihò ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá lu ìdí bàsíà, gbogbo omi ni yóò jò tán. Nítorí náà, mo ki ìṣó bọ iná títí ó fi pọ́n, mo fi lu ihò mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní sẹ̀ntímítà 10 sí ìsàlẹ̀ etí, kí omi òjò tó bá pọ̀ jù lè gba ibẹ̀ jáde, kí ìyókù sì wà nísàlẹ̀ fún gbòǹgbò. Mo fi àjákù nẹ́ẹ̀tì fèrèsé bo ihò náà nínú kí ilẹ̀ má baà dí i. Ilẹ̀dú, ewé jíjẹrà àti yanrìn odò díẹ̀ ni mo pò pọ̀. Ẹ má ṣe fi ìgbẹ́ adìẹ tútù sí i o. Òórùn rẹ̀ nìkan tó ìjà láàárín ará ilé.

Ní ti ohun ọ̀gbìn, ojú oró àti òṣíbàtà kò bá a mu, nítorí orí omi ni tiwọn. Tètèrègún àti kókò ni mo gbìn. Ṣùgbọ́n irú kókò tó wà ju ẹyọ kan lọ: bí ọ̀pá ewé bá so mọ́ etí ewé gan-an, níbi tí ó ti là, kókò yẹn kò fẹ́ràn kí omi rọ́ sí i nídìí; ṣùgbọ́n bí ọ̀pá bá so mọ́ ẹ̀yìn ewé, tí ó wọnú díẹ̀ bí igi agboòrùn, èyí ni ọmọ ẹrẹ̀. Inú ọ̀pá rẹ̀ rí bí kànìnkànìn, ibẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ ń gbà lọ bá gbòǹgbò.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń ki ìka bọ ilẹ̀ náà lójoojúmọ́. Bí ẹrẹ̀ kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, mo bu omi sí i. Lóròòwúrọ̀, kí oòrùn tó yọ, ẹ̀kán omi kan a máa rọ̀ sí ṣóńṣó ewé kókò náà, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀, ìrì kò sì sẹ̀.