Omi Ìkógòsì Kan, Jọ́nà Mẹ́rin

Kò sí jọ́nà ìmọ̀ gidi, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn olùṣèwádìí ń gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú rẹ̀, tí kò ní ojú ìwé kan lórí ìkànnì rẹ̀ tó ń sọ ohun tí jọ́nà náà wà fún, irú iṣẹ́ tó ń gbà, àti ibi tí ààlà rẹ̀ mọ. Ète àti gbèdéke ni mo máa ń pè é. Kì í sábà ju ìpínrọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ilé ìkàwé yunifásítì kan ní Adó-Èkìtì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ojú ìwé yìí sì ni mo rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fò jù. Ó ń dùn mí, torí iṣẹ́ tó dára ló ń tibẹ̀ ṣòfò.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé wá bá mi ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Orí omi Ìkógòsì ló ti ṣiṣẹ́, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé. Ó ti wọn ooru omi náà, ó ti yẹ àwọn èròjà inú rẹ̀ wò, ó ti fọ̀rọ̀ wá àwọn àlejò lẹ́nu wò, ó sì ti jókòó ti àwọn àgbà ìlú kí wọ́n pìtàn bí orísun náà ṣe di mímọ̀. Iṣẹ́ takuntakun ni. Ṣùgbọ́n ó ko gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo, ó fi ránṣẹ́ sí jọ́nà kan lókè òkun. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí olóòtú fi dá a padà. Kò tilẹ̀ fi han àwọn onímọ̀ tó yẹ kó gbé e yẹ̀ wò. Ohun tó kọ kò ju pé iṣẹ́ náà kò bọ́ sí gbèdéke àwọn.

"Mà, ṣé torí pé láti Èkìtì ni mo ti kọ ọ́ ni?"

Mo ní rárá, kó fa àga jókòó. A ṣí kọ̀ǹpútà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ète àti gbèdéke lọ́kọ̀ọ̀kan. Geothermics, tó ti wà láti 1972, ooru inú ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀: bí a ṣe ń wá a kàn, bí a ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ dé ìdí rẹ̀, bí a ṣe ń sọ ọ́ di agbára tí ènìyàn ń lò. Journal of African Earth Sciences, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, òkúta àti ilẹ̀ Áfíríkà ló ń bá wí, nítorí náà òkúta tí omi náà ń gbà jáde lè rí àyè níbẹ̀. Annals of Tourism Research ti 1973 ń fẹ́ òye tó jinlẹ̀ nípa ìrìnàjò afẹ́. Bí a bá kàn ka ẹ̀sùn àwọn àlejò Ìkógòsì sílẹ̀, wọn kò ní gbà á, àfi bí ó bá kọ́ ẹni tó ń ṣèwádìí ní ìlú mìíràn ní ohun kan. Ìtàn tí àwọn àgbà sọ ńkọ́? Ti àwọn onímọ̀ ìtàn nìyẹn, ó lè lọ sí Journal of the Historical Society of Nigeria.

Ẹni tó gbé iṣu lọ sí ìsọ̀ aláṣọ kò ní rí i tà, ì báà jẹ́ iṣu tó dára jù lọ́jà.

Mo tètè kìlọ̀ fún un pé n kò ní kó gé àbájáde kan ṣoṣo wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí iye àpilẹ̀kọ rẹ̀ lè pọ̀. Ìyẹn kò tọ́, bẹ́ẹ̀ ni fífi àpilẹ̀kọ kan náà ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú iṣẹ́ tirẹ̀, àwọn tó sì ń jíròrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ènìyàn kan náà. Ó ti ya ti òkúta àti omi sọ́tọ̀ báyìí. Ti ìtàn ló ń kọ lọ́wọ́, èmi gan-an sì ń retí rẹ̀ ju èyí tó kù lọ.

Nígbà tí jọ́nà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1665, Journal des sçavans ní Paris lóṣù kìíní, Philosophical Transactions ti Henry Oldenburg ní London lóṣù kẹta, kò sí ààlà báyìí. Ìràwọ̀, ẹranko, ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé. Ìmọ̀ ló pọ̀ sí i tí oníkálukú fi wá ibi tirẹ̀ gbà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára jù ni pé gbèdéke lè ti ènìyàn síta, ó sì lè ṣílẹ̀kùn. Ní 1955, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtàn Nàìjíríà sílẹ̀, Kenneth Dike sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ní 1956, jọ́nà wọn jáde. Ọdún keje lẹ́yìn náà, ní 1963, Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Oxford, ṣì ń sọ pé ìtàn àwọn òyìnbó ní Áfíríkà nìkan ló wà, pé òkùnkùn ni ìyókù. Àwọn ará Ìbàdàn kò jókòó de irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó tó gbà wọ́n láyè. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra wọn pé ìtàn wa jẹ́ ohun tí a ń ṣèwádìí lé lórí. Jọ́nà mìíràn, Odù, pẹ̀lú ti bẹ̀rẹ̀ ní 1955 fún ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ti àwọn tó bá a tan. Ibẹ̀ ni J. F. Ade Ajayi, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì wa níbí, gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí bí èdè Yorùbá ṣe di kíkọ sílẹ̀ jáde ní 1960. Nínú ọ̀pọ̀ jọ́nà ìgbà náà, níbo ni irú ọ̀rọ̀ yẹn ì bá ti ríbi jókòó sí?

Àwọn oníjìbìtì pẹ̀lú ń kọ ète àti gbèdéke. Tiwọn ni ẹ ó ti rí iṣẹ́ àgbẹ̀, òfin, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ẹ̀rọ mọ̀nàmọ́ná lójú kan, pẹ̀lú ìlérí pé láàárín ọjọ́ mélòó kan iṣẹ́ yín ti jáde, bí ẹ bá ti sanwó. ISSN tí wọ́n ń gbé sókè kò fi hàn pé jọ́nà dára. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníye mẹ́jọ lásán ni. Kì í sì í ṣe gbogbo jọ́nà tí gbèdéke rẹ̀ fẹ̀ ló jẹ́ ayédèrú. PLOS ONE, láti 2006, ń gba ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì púpọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tó ń wò: ṣé ọ̀nà tí a gbà ṣe ìwádìí náà múná dóko? Ẹ wo DOAJ, àkójọ orí ìkànnì fún àwọn jọ́nà tí a lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wo African Journals Online, ìkànnì tó ń kó àwọn jọ́nà Áfíríkà jọ, tó ti wà láti 1998. Lẹ́yìn náà, ẹ ka àkọlé àwọn àpilẹ̀kọ tí jọ́nà náà gbé jáde ní ọdún méjì sẹ́yìn, kí ẹ fi wé ohun tó ní òun ń gbà. Bí kò bá sí àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo níbẹ̀ tí ẹ lè tọ́ka sí nínú iṣẹ́ yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ṣìnà.

Ẹ̀yin ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó ń gbèrò láti dá jọ́nà tiyín sílẹ̀ níbí, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ète àti gbèdéke kí ẹ tó tọ ilé ìkàwé àpapọ̀ lọ fún ISSN. Ẹ kọ ohun tí ẹ kò ní gbà pẹ̀lú. Ẹ gbé e wá kí n bá yín kà á. Ọwọ́ mi máa ń dilẹ̀ ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.