Operating system wo ló yẹ láptọ́ọ̀pù àtijọ́? Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́

Ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó bá gbé láptọ́ọ̀pù àtijọ́ wá bá mi ní Yábà máa ń kọ́kọ́ bi mí: "Ẹnjiníà, Windows wo lo máa fi sí i?" Windows nìkan kọ́ ni operating system, ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ. Kí n tó dáhùn, mo máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè méjì. Irú chip wo, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, ló wà nínú rẹ̀? Iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ fi ṣe? Ọ̀pọ̀ ThinkPad, irú láptọ́ọ̀pù kan, ló ti gba ọwọ́ mi kọjá, mi ò sì tíì rí èyí tí ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí kò yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú chip ná. ThinkPad T42 tí IBM gbé jáde ní 2004, Pentium M ló wà nínú rẹ̀, 32-bit ni, irú chip àtijọ́ nìyẹn; 64-bit ni irú tuntun. Ní 2005 ni Lenovo ra iṣẹ́ kọ̀ǹpútà náà lọ́wọ́ IBM, T60 sì jáde ní 2006. T60 yìí gan-an ló ń da àwọn èèyàn láàmú, torí oríṣi méjì ni: àwọn kan ní Core Duo, 32-bit nìyẹn, àwọn mìíràn ní Core 2 Duo, 64-bit nìyẹn. Ẹ ò lè fi ojú dá wọn mọ̀. Mo ti rí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì kan ní Computer Village, Ìkẹjà, iye kan náà ni ẹni tó ń tà á pè méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣì lè lo Debian (ọ̀kan lára Linux, operating system ọ̀fẹ́) tó jáde lẹ́nu àìpẹ́ yìí, èkejì ò lè lò ó. Ẹ mú flash tó ní Linux 32-bit dání lọ sọ́jà. Bí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ náà, ẹ tẹ F12, ẹ yan flash yín, kí ẹ wá ṣí terminal, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, kí ẹ tẹ lscpu. Bí "32-bit, 64-bit" bá hàn níwájú "CPU op-mode(s)", ẹ sanwó. Bó bá jẹ́ 32-bit nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ ná an wálẹ̀ dáadáa.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé ilẹ̀kùn ti ń tì mọ́ àwọn 32-bit. Google ti jáwọ́ nínú ṣíṣe Chrome fún 32-bit lórí Linux láti 2016. Ubuntu desktop, Linux mìíràn, ti fi wọ́n sílẹ̀ láti ẹ̀dà 17.10. Debian 13 tó jáde ní August 2025 kò tún ní installer fún wọn mọ́. Debian 12 ti 2023 ṣì gbà wọ́n, antiX, Linux tó fúyẹ́, náà ṣì gbà wọ́n. Àwọn Pentium M kan tún wà tí wọ́n ní PAE, àǹfààní kan nínú chip tí ọ̀pọ̀ Linux ń béèrè, ṣùgbọ́n tí wọn kì í sọ fún kernel, ọkàn operating system, pé àwọn ní in. AntiX ní kernel tí kò béèrè PAE rárá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni mo máa ń kọ́kọ́ fi sí T42.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jù.

Àǹtí kan ń ṣe mónógíráàmù ní Ìdúmọ̀tà. Sọ́fítíwíà tó ń ya àwòrán fún ẹ̀rọ iṣẹ́ wọn, orí Windows XP nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ṣe gbé láptọ́ọ̀pù náà kalẹ̀ níwájú mi ni wọ́n ti kìlọ̀: "Má fọwọ́ kan XP mi o. Oúnjẹ mi ló wà níbẹ̀." Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lóòótọ́ Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn XP dúró láti 8 April 2014, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kì í wọ íntánẹ́ẹ̀tì, tí iṣẹ́ kan ṣoṣo wà lọ́rùn rẹ̀, XP náà ló tọ́ sí i. Ohun tí mo ṣe ò pọ̀: mo pa Wi-Fi rẹ̀ láti inú BIOS, ètò tó ń tan ẹ̀rọ, mo da gbogbo ohun tó wà lórí hard disk náà kọ sórí òmíràn bó ṣe wà gẹ́lẹ́, mo sì ní kí wọ́n ya flash kan sọ́tọ̀ tí kò ní máa wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.

Ti bàbá kan ní Ebúté-Mẹ́ta yàtọ̀ pátápátá. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ìtàn ìdílé wọn ni wọ́n ń kọ lédè Yorùbá. Ṣe ni wọ́n máa ń da ẹ́ àti ọ̀ kọ látinú fáìlì kan bọ́ sínú òmíràn, lẹ́yọ lẹ́yọ. T60 wọn jẹ́ 64-bit, ni mo bá fi Debian àti Xfce, ojú iṣẹ́ tó fúyẹ́, sí i. Nínú ètò keyboard, lábẹ́ Nigeria, Yorùbá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ò ní wa ohunkóhun jáde láti íntánẹ́ẹ̀tì. Mo yàn án, mo ṣí LibreOffice tí wọ́n fi ń kọ ìwé, mo gbé e síwájú wọn. Àṣàkẹ́, oríkì ìyá wọn, ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n sún mọ́ ojú ẹ̀rọ, wọ́n tún un tẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni Linux fi dára, ohun tí mo rí lójú bàbá yẹn ni mo máa ń rántí.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ rẹ̀ wo YouTube, kó sì tún ṣí WhatsApp Web, mo máa ń bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kí n tó gbowó rẹ̀. Ẹ lè rí operating system tó fúyẹ́ gan-an, bí ẹ bá ṣí browser lórí rẹ̀, á dà bíi kẹ̀kẹ́ Márúwá tí wọ́n di ẹrù mólùwé lé lórí. RAM ni ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí; 2GB ni ti T42 mọ. T60, bí ẹ tilẹ̀ fi 4GB sí i, nǹkan bíi 3GB ló máa rí lò. Fún fídíò, mpv tó ń ṣí fídíò, pẹ̀lú yt-dlp tó ń fà á láti íntánẹ́ẹ̀tì, lórí 360p ló máa ń gbà mí lọ́wọ́ browser. Kí ẹ sì tó dá operating system kankan lẹ́bi pé ó ń falẹ̀, ẹ yọ hard disk, kí ẹ fi SSD, disk tó yára jù ú lọ, sí i. Ojú ibi tí disk ń wọ̀, SATA ni ti T60. IDE ni ti T42, ẹ máa wá ohun tó ń so mSATA, irú SSD kékeré, mọ́ IDE.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bátìrì pẹlẹbẹ kékeré tó ń tọ́jú aago, CR2032 tó ní wáyà lára. Bó bá ti kú, ọdún inú ẹ̀rọ á padà sẹ́yìn, wẹ́ẹ̀bù tó ní ààbò á sì kọ̀ láti ṣí. Àwọn èèyàn á ní Linux ò dáa. Ẹ pààrọ̀ bátìrì ná.

Ọ̀rọ̀ NEPA wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bátìrì ńlá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ti kú, bí iná bá ti lọ, ẹ̀rọ kú nìyẹn. Ìdí nìyí tí mi ò fi máa ń fi Puppy Linux sí ẹ̀rọ tí èèyàn fẹ́ fi kọ nǹkan, bó tilẹ̀ yára, tí mo sì máa ń fi kó fáìlì jáde látinú ẹ̀rọ tó kọ̀ tí kò tàn mọ́. Inú RAM ló ń gbé. Bí ẹ bá ń lò ó láti orí flash, tí iná lọ kó tó kọ iṣẹ́ yín pamọ́, iṣẹ́ náà bá iná lọ. Debian lórí ext4, ọ̀nà tó ń gbà to fáìlì sórí disk, kì í sábà dààmú bí iná bá padà dé. Nínú LibreOffice, mo máa ń dín àkókò AutoRecovery, tó ń fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀, kù sí ìṣẹ́jú méjì.

Àwọn tó ń béèrè Windows 11, ó ń fẹ́ TPM 2.0, chip ààbò kan, àti RAM 4GB ó kéré tán, kò lè bá T60 lò. Windows 10 náà ti parí àtìlẹ́yìn rẹ̀ ní 14 October 2025.

T42 tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, antiX ló ń gbé e. Ti ẹni tó bá ní 32-bit lórí Debian 12, ẹ mọ̀ pé àtìlẹ́yìn ọlọ́jọ́ gígùn rẹ̀ máa parí ní June 2028. NetBSD, operating system ọ̀fẹ́ mìíràn, ṣì ń gba i386, ìyẹn 32-bit, òun ni mo ti ń dán wò lórí flash lálaalẹ́ bí iná bá wà.